Ímeèlì Tó Ti Di Ìtàn: Ọ̀nà Wo Ni Ká Fi Tọ́jú Rẹ̀? Ìfiwéra Fún Ẹbí, Ẹgbẹ́ àti Ilé Ìkàwé ní Èkó

Páálí Indomie kan ni ọkùnrin náà gbé wọ ilé ìkàwé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Yaba. Láti Pópó Àgùdà, lẹ́bàá Campos, ló ti wá. Bàbá rẹ̀ ni akọ̀wé ẹbí wọn títí ó fi jáde láyé, láti 2003 títí di 2014 ló sì ń fi ímeèlì ṣe gbogbo ètò ilé ẹbí: ta ló san owó òrùlé, ta ló ni yàrá ẹ̀gbẹ́ kànga, kí ni wọ́n fẹnu kò sí nípàdé. Káfẹ́ kan ló bá a tẹ gbogbo rẹ̀ sórí ìwé. Mo mú èyí tó wà lókè pátápátá. "To: Egbon" ni mo kọ́kọ́ rí. Mo bi í pé ẹ̀gbọ́n wo.

"Ẹ̀gbọ́n mẹ́ta la ní nígbà yẹn, mà," ló wí. "Ọ̀kan ní Surulere, ọ̀kan ní London, ọ̀kan ti di olóògbé báyìí."

Ìwé ò lè dá wa lóhùn. Ímeèlì gan-an ì bá ti sọ ọ́, torí àdírẹ́sì máa ń wà lẹ́yìn irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó ni àpótí lẹ́tà bàbá ti pa á rẹ́, nítorí pé kò sẹ́ni tó wọ ibẹ̀ mọ́ lẹ́yìn tí ó kú.

Lẹ́tà tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ sí ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS ní London ṣì wà ní Yunifásítì Birmingham dòní. Àwọn ìwé Herbert Macaulay wà ní Ilé Ìkàwé Kenneth Dike ní Ìbàdàn. Ara irú ìwé bẹ́ẹ̀ la ti mọ bí Èkó ṣe rí láyé àtijọ́. Ìwé Èkó ti ọdún 2005 dà? Inú Yahoo àti Gmail ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà, àwọn tó sì mọ pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ ti ń dàgbà. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi àwọn ọ̀nà tó wà nílẹ̀ wé ara wọn níbí, kí oníkálùkù lè mú èyí tó bá agbára rẹ̀ mu.

Ohun tí mo fi wọ̀n wọ́n

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó wà nínú ímeèlì kan. Ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 1982, RFC 822, tí wọ́n tún ṣe ní 2008, ló ṣì ń darí rẹ̀: orí lẹ́tà ló ń ṣáájú, ìlà òfìfo kan á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ara lẹ́tà. A kì í rí orí yẹn tán nínú Gmail àfi tí a bá tẹ "Show original". Ẹ dán an wò lórí lẹ́tà kan tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ. Ẹ ó rí ìlà Date tó máa ń parí sí +0100. Aago Èkó nìyẹn. Tí ọmọ yín ní Houston bá fèsì, -0600 ni ẹ ó rí nígbà òtútù, -0500 nígbà ooru. Ẹ ó rí Message-ID, tí í ṣe nọ́ńbà tí lẹ́tà yẹn nìkan ń jẹ́, àti In-Reply-To, tó ń tọ́ka sí lẹ́tà tí èyí ń dáhùn. Ohun tí òpìtàn fi ń mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ẹni tó dáhùn, àti aago ibi tí oníkálùkù jókòó sí nìyẹn.

Nítorí náà, ìbéèrè mi àkọ́kọ́ nípa ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ni pé: ṣé orí lẹ́tà á kù, àti fáìlì tí wọ́n so mọ́ ọn? Ìkejì: ní ọgbọ̀n ọdún sí i, ṣé a lè ṣí i láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kankan? Ìkẹta ni ìnáwó, kì í sì í ṣe owó nìkan ni mo ń sọ. Dátà wà níbẹ̀, iná NEPA wà níbẹ̀, àkókò ẹni tó máa jókòó tì í wà níbẹ̀. Ìkẹrin ni kóòtù, torí pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ilé ẹbí ni ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń gbé tọ̀ wá wá. Abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ti 2011 ló sọ ohun tí ìwé tó ti inú kọ̀ǹpútà jáde gbọ́dọ̀ ní kí adájọ́ tó gbà á, títí kan ìwé ẹ̀rí tí ẹni tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà náà máa fọwọ́ sí. Ìkarùn-ún ni àṣírí: nọ́ńbà báńkì, ọ̀rọ̀ àìsàn, ìjà tọkọtaya. Láti 2023 tí Òfin Ìdáàbòbo Dátà ti wà, a kò lè máa tú irú rẹ̀ síta fún gbogbo ayé bó ṣe wù wá.

Kí a fi í sílẹ̀ síbi tó wà

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò nìyí láìmọ̀. Kò ná wọn ní kọ́bọ̀. Orí lẹ́tà wà níbẹ̀ pé, wíwá nǹkan rọrùn, iná tó bá lọ kò kàn án. Àmọ́ ẹlòmíràn ló ni ilé náà. Google ní ó lè pa àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni kò lò fún ọdún 2 rẹ́, láti oṣù Kejìlá 2023 ni ó sì ti ń ṣe é. Ní ti Yahoo, oṣù 12 péré ni. Ẹni tó bá sì lo 15GB ọ̀fẹ́ tí Google ń fúnni tán, tí fọ́tò wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, kò ní í rí lẹ́tà gbà mọ́.

Mi ò ka èyí sí ìtọ́jú rárá. Ohun kan péré ni kí ẹ ṣe níbẹ̀ lónìí: Google ní ètò kan tó ń jẹ́ Inactive Account Manager, ibẹ̀ ni olóhun ti lè yan ẹni tí wọ́n máa jẹ́ kó gba nǹkan rẹ̀ tí kò bá wọlé fún ìgbà tó bá dá. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ẹ jókòó ti bàbá tàbí ìyá yín, kí ẹ bá wọn ṣe é.

Títẹ̀ ẹ́ sórí ìwé

Mo mọ ìdí tí àwọn àgbà fi fẹ́ràn ìwé. Kò béèrè iná, kò béèrè pásíwọ́ọ̀dù, ó ṣeé kà lábẹ́ igi. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ sí páálí Campos yẹn kì í ṣe ti ìdílé kan ṣoṣo. Ní Amẹ́ríkà, nígbà tí ìjọba Reagan ń kógbá wọlé ní oṣù Kìíní 1989, àwọn kan lọ sí kóòtù kí wọ́n má bàa pa ímeèlì White House rẹ́. Ìjọba ní kò sí wàhálà, àwọn á tẹ èyí tó bá ṣe pàtàkì sórí ìwé. Ní 1993, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní rárá: ìwé tí wọ́n tẹ̀ kì í gbé gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà, ó lè má sọ ẹni tó kọ ọ́, ẹni tó gbà á, àti ìgbà tó gbà á. Ọ̀rọ̀ "Egbon" tiwa gan-an nìyẹn.

Ìnáwó rẹ̀ náà kì í ṣe kékeré. Àpótí ẹni tó ti ń kọ ímeèlì fún ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ohun tí èèyàn ń tẹ̀ jáde tán. Fáìlì tí wọ́n so mọ́ ọn, bíi fọ́tò tàbí ohùn, ìwé ò lè gbé e. Lérékùṣù, ọ̀rinrin ọ̀sà ń wọ páálí; ikán kò sì mọ ìwé ìtàn yàtọ̀.

Ẹ tẹ ogún tàbí ọgbọ̀n lẹ́tà tí ẹ fẹ́ kí màmá kà, tàbí èyí tí ẹ fẹ́ gbé kọ́ síbi àfihàn. Ó tán síbẹ̀.

PDF

PDF dára ju ìwé lọ díẹ̀ sí i, ó sì rọrùn fún lọ́yà. Irú rẹ̀ kan wà fún ìtọ́jú ọlọ́jọ́ pípẹ́, PDF/A, tó ti di ìlànà àgbáyé láti 2005. Èyí tó jáde ní 2012 tilẹ̀ gbà kí a fi fáìlì mìíràn pa mọ́ sínú rẹ̀. Ní Yunifásítì Illinois, wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ lórí irú PDF kan tó jẹ́ ti ímeèlì nìkan, tí orí lẹ́tà á máa wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n PDF tí ẹ bá fi "Print" ṣe láti ojú Gmail kò yàtọ̀ sí ìwé káfẹ́ yẹn. Ojú lẹ́tà ló gbé, kò gbé orí rẹ̀. Ẹ fi ṣe ẹ̀dà kíkà, kí ojúlówó wà níbòmíràn.

PST ti Outlook

Èyí kan ọ́fíìsì tó wà ní Marina àti Broad Street tó ń lo Outlook. Gbogbo nǹkan wọ inú fáìlì kan tó ń jẹ́ PST, orí lẹ́tà sì kù níbẹ̀. Ti Microsoft ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti tẹ ìlànà rẹ̀ síta ní 2010. Ẹ ṣọ́ra fún ti àtijọ́: kí Outlook 2003 tó dé, 2GB ni òpin rẹ̀, ọ̀pọ̀ sì bàjẹ́ nígbà tó kún. Ẹ yí i padà sí èyí tó kàn yìí kí láísẹ́ńsì ọ́fíìsì tó tán.

MBOX àti EML

Ibí ni ọkàn mi wà. Méjèèjì jẹ́ ímeèlì bó ṣe rí gan-an, orí àti ara, ní ọ̀rọ̀ lásán tí kọ̀ǹpútà èyíkéyìí lè ṣí. EML: lẹ́tà kan, fáìlì kan. MBOX: lẹ́tà ẹgbẹ̀rún nínú fáìlì kan, tí wọ́n tò tẹ̀ léra. EML dára fún ẹni tó fẹ́ fa lẹ́tà mẹ́ta yọ fún kóòtù. Bí ó bá ti di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, dídà á kọ láti ibì kan sí ibòmíràn a máa gba gbogbo ọ̀sán. MBOX yára, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ ilé ìkàwé ń gbà.

MBOX ní àléébù kékeré kan tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Ohun tó fi ń mọ ibi tí lẹ́tà tuntun ti bẹ̀rẹ̀ ni ìlà tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "From" àti àlàfo. Tí bàbá bá kọ "From today, nobody should collect rent" níbẹ̀rẹ̀ ìlà nínú lẹ́tà rẹ̀, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà á fi àmì > síwájú rẹ̀ kí ó má bàa rò pé lẹ́tà tuntun ni. Ẹni tó bá rí ">From" nínú ìwé ẹbí ní ogún ọdún sí i kò gbọ́dọ̀ rò pé ẹnì kan ló fọwọ́ kàn án.

Bí a ṣe ń ṣe é: fún Gmail, ẹ lọ sí Google Takeout, ibi tí Google ti ń jẹ́ kí a kó nǹkan wa jáde, ẹ mú Mail nìkan, ẹ sì mú àwọn lébẹ́ẹ̀lì tí ẹ fẹ́ tí kì í bá ṣe gbogbo rẹ̀. Wọ́n á fi ìjápọ̀ ránṣẹ́ sí yín. Bí ọjọ́ méje ló máa lò kó tó kú, nítorí náà ẹ má dúró de ìgbà tí dátà á fi pọ̀. Alẹ́ ni mo máa ń gbà á, nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì Yaba bá fúyẹ́. Fún Yahoo àti ti ọ́fíìsì, Thunderbird, ètò ímeèlì orí kọ̀ǹpútà kan, ni mo ń lò: ọ̀fẹ́ ni, ó ń fa lẹ́tà wálé nípasẹ̀ IMAP (ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń ka àpótí lẹ́tà tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì), MBOX ló sì fi ń tọ́jú wọn. Ẹ mọ̀ pé fáìlì tí wọ́n so mọ́ lẹ́tà máa ń fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta wú sí i nínú ímeèlì. Fọ́tò 3MB á di bíi 4MB. Ẹ fi ìyẹn sínú ìṣirò dátà.

Ẹ mú àpótí Sent pẹ̀lú. Ibẹ̀ nìkan ni a ti lè rí Bcc, àwọn tí bàbá fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ní bòńkẹ́lẹ́. Tí ẹ bá rí ìjápọ̀ Google Drive nínú lẹ́tà, ẹ lọ gba fáìlì náà sọ́tọ̀. Ohun tó bá ju 25MB lọ, Drive ni Gmail máa ń gbé e sí, MBOX kò sì ní í gbé ju ìjápọ̀ náà lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣírò SHA-256 fáìlì náà. Òǹkà gígùn kan ni; bí ẹnikẹ́ni bá yí àmì kan ṣoṣo padà nínú lẹ́tà, òǹkà náà á yàtọ̀ pátápátá. Lórí Windows, certutil, àṣẹ kan tó ti wà nínú rẹ̀, máa ń ṣe é láìsan owó. Ẹ kọ òǹkà náà sínú ìwé ìpàdé ẹbí, kí gbogbo wọn fọwọ́ sí i. Bí ìjà bá dé lọ́jọ́ iwájú, kò sẹ́ni tó lè sọ pé àbúrò ló yí lẹ́tà padà.

Ẹ̀dà mẹ́ta ni kí ẹ ṣe: ọ̀kan nílé, ọ̀kan lọ́wọ́ ọmọ tó wà lókè òkun, ọ̀kan ní ilé ìkàwé. Bí ẹ bá ń ra hádì-dírafù ní Computer Village ní Ikeja, ẹ mú ti ilé-iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ má gbára lé fíláàṣì tó pọ́ọ́kú. Ayédèrú wà tó ń sọ pé 64GB lòun nígbà tí inú rẹ̀ kò tó 8. Ẹ kó fáìlì kún un dẹ́nu kí ẹ tó gbà á gbọ́.

ePADD, àti àwọn irinṣẹ́ ilé ìkàwé

Ilé ìkàwé Yunifásítì Stanford ló ṣe ePADD, wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde ní 2015. Ọ̀fẹ́ ni. Ó ń gba MBOX, ó ń to àwọn orúkọ ènìyàn àti ibi tó wà nínú lẹ́tà jọ, ó ń jẹ́ kí a fi àkójọ ọ̀rọ̀ wá ohun ìkọ̀kọ̀, kí a sì ti lẹ́tà kan mọ́lé fún iye ọdún tí a bá dá. Ó ní apá fún yíyan lẹ́tà, apá fún títò ó, apá tó ń fi orúkọ han aráyé láìfi ara lẹ́tà hàn, àti apá fún ẹni tó wá kàwé. Harvard àti Yunifásítì Manchester ti bá wọn fi kún un lẹ́yìn náà.

Fún ilé ìkàwé, n kò rí ọ̀fẹ́ mìíràn tó tó o. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Nínú lẹ́tà àwọn èèyàn wa, "Mama Ibeji" tàbí "Baba Alaye" lè jẹ́ ẹni pàtàkì jù lọ, kí ẹ̀rọ má sì kà á sí orúkọ. Àmì ohùn tún wà. Kọ̀ǹpútà ní ẹyọ àmì kan ṣoṣo fún "ẹ", ṣùgbọ́n kò ní ẹyọ kan fún "ẹ́". Àmì méjì ni wọ́n ń lẹ̀ pọ̀. Ẹni tó kọ "Ẹ̀gbọ́n", ẹni tó kọ "Egbọn", àti ẹni tó kọ "Egbon" kì í jọ jáde nígbà tí a bá ń wá a. Ní àwọn ọdún 2000, àwọn kan tún ń lo fọ́ǹtì àkànṣe tó jẹ́ pé àmì ajèjì ló ń hàn lónìí níbi tí "ọ" wà. Ẹ wá ọ̀rọ̀ ní gbogbo ọ̀nà tí èèyàn lè gbà kọ ọ́. Ẹ má sì tún lẹ́tà ojúlówó kọ rárá, kódà bí àmì rẹ̀ bá dùn yín lójú. Àtúnkọ ní fáìlì tirẹ̀.

Archivematica, ètò mìíràn fún ìtọ́jú fáìlì, wà fún ilé-iṣẹ́ tó ní sáfà (kọ̀ǹpútà ńlá tó ń sin àwọn yòókù), ẹni tó mọ Linux, àti inverter tó gbádùn. Ilé-iṣẹ́ Preservica ń ta irú iṣẹ́ ìtọ́jú bẹ́ẹ̀. Ilé ìkàwé tí ìjọba ń fún lówó bó ṣe wù ú gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ pé kí ló máa ṣẹlẹ̀ lọ́dún tí owó kò bá wọlé.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Ẹbí tí àgbà wọn ṣì wà láyé: Takeout tàbí Thunderbird, MBOX, ẹ̀dà mẹ́ta, òǹkà nínú ìwé ìpàdé, kí ẹ sì tẹ lẹ́tà díẹ̀ sórí ìwé fún ayọ̀ kíkà. Ẹ ṣe é nígbà tí wọ́n wà nílé fún ọdún, kí wọ́n lè sọ ẹni tí "Egbon" ń jẹ́. Ọmọ-ọmọ tó bá gbọ́n á fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń sọ ọ́.

Ẹgbẹ́, ìjọ, mọ́ṣáláṣí, ẹgbẹ́ onílé: ẹ má jẹ́ kí akọ̀wé máa lo àdírẹ́sì ara rẹ̀. Ẹ ṣí èyí tó jẹ́ ti ipò, kí ó lè máa lọ láti ọwọ́ akọ̀wé kan sí òmíràn, kí ẹ sì máa yọ MBOX rẹ̀ ní gbogbo ìpàdé ọdọọdún, bí ẹ ṣe ń ka ìṣirò owó.

Ẹni tí ẹjọ́ wà lọ́rùn rẹ̀: EML lẹ́tà tó kan ẹjọ́, PDF fún kíkà, àti ẹni tó máa fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí abala 84. Kí lọ́yà yín gbọ́ ṣáájú, kì í ṣe lẹ́yìn.

Ọ́fíìsì ńlá: ẹ má gbìyànjú láti yan lẹ́tà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láti 2013 ni ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba Amẹ́ríkà ti ní ètò Capstone, tó ń tọ́jú gbogbo ímeèlì àwọn ọ̀gá pátápátá títí láé, tí ti àwọn yòókù sì ní iye ọdún tirẹ̀. Ó bọ́gbọ́n mu, ó sì dín iṣẹ́ kù.

Ilé ìkàwé àti ilé ìpamọ́: MBOX ojúlówó tí ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn, ePADD fún títò àti títì, àti àdéhùn tí ẹbí fọwọ́ sí lórí ohun tó máa wà ní títì àti iye ọdún tó máa fi wà bẹ́ẹ̀.

Ó ku ẹni tí olóhun ti kú, tí pásíwọ́ọ̀dù bá a lọ, bíi ọkùnrin Campos. Lẹ́tà kì í ní ẹ̀dà kan ṣoṣo. Ẹni tó gbà á ní tirẹ̀. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tí bàbá ń kọ̀wé sí, kí ẹ sì bẹ̀ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àbúrò ọkùnrin náà obìnrin, tó wà ní Houston, kò pa lẹ́tà bàbá rẹ̀ kankan rẹ́. Takeout rẹ̀ dé lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan, àdàkọ ọ̀pọ̀ nínú lẹ́tà inú páálí sì wà nínú rẹ̀. A ṣí èyí tó wà lókè páálí, lẹ́tà kan náà, +0100 lẹ́yìn aago. Lẹ́yìn "Egbon" la ti rí àdírẹ́sì ti Surulere. Ọkùnrin náà ka àdírẹ́sì náà sókè lẹ́ẹ̀mejì, ó fa fóònù rẹ̀ yọ, ó sì pe ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ náà kó tó jáde kúrò ní yàrá wa.